Màmá ò ya wèrè, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n

Ẹ̀yin tí òbí yín wà ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Houston ni mo wà. Iṣẹ́ kí n máa wẹ àwọn àgbà, kí n máa yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n máa fún wọn lóúnjẹ, ni mò ń ṣe jẹun.

Nílé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, Màmá Ìjẹ̀bú kan wà níbẹ̀. Àrùn ìgbàgbé ti kó Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́nu Màmá, Yorùbá nìkan ló kù. Lóru, wọ́n á máa ké pé, "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí o! Ẹ wá gbé mi!" Kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Màmá ń da ilé rú, dókítà sì kọ oògùn tó ń múni sùn fọnfọn. Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, oògùn oorun ni wọ́n fún un!

Òfin tí Ààrẹ Reagan buwọ́ lù ní 1987 ka irú èyí léèwọ̀. Ilé tó bá ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń san owó ìtọ́jú àgbà àti aláìní, kò gbọdọ̀ fi okùn tàbí oògùn so àgbà mọ́lẹ̀ nítorí kí iṣẹ́ lè rọrùn.

Àwa òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìkà, a ò pọ̀ tó ni. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé ìtọ́jú tí òṣìṣẹ́ ń ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 3.48. Ní oṣù Kẹrin 2025, adájọ́ kan níbí ní Texas wọ́gi lé e. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé ojú ń tì yín, ẹ ò fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ pé ẹ gbé ìyá yín síbẹ̀. Ìtìjú yẹn ló ń pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ Sunday nìkan ni ẹ óò máa gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Ẹ yọ sí wọn lálẹ́. Bí òbí yín bá ti fẹ́ rí yín, wọn ò lè tì yín síta. Ẹ wo gìgísẹ̀ àti ìdí wọn, bóyá ara ti ń bó. Ẹ ka ìwé àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe fún ilé náà, dandan ni kó wà níbi tí àlejò ti lè rí i. Nọ́ńbà ombudsman, ẹni tó ń gba ẹ̀sùn, tó sì ń gbèjà àwọn tó wà nílé ìtọ́jú, náà gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ "ìtọ̀", "omi", "òtútù", "ó ń dùn mí", pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ìtọ́jú òbí yín. Bó bá ti wọ ibẹ̀, tí wọn ò tẹ̀ lé e, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba lè mú wọn sí i.