Ọmọ Tó Ń Payín Keke Lójú Oorun

Bí ọmọbìnrin mi bá ti sùn wọra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwá sẹ́yìn, á máa payín keke débi pé eyín tèmi gan-an á kan. Màmá mi ní aràn ni, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa gbà gbọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n pípayín keke nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé aràn wà nínú ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń ṣe é, ó sì sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àmọ́ bí ọmọ bá ń hanrun, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí orí ń dùn ún láàárọ̀, tàbí tí orí eyín rẹ̀ ti ń jẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bá a wí, nítorí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.