Akàn Tí Ó Bọ́ Ẹ̀wù Sílẹ̀

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo àwọn ẹ̀dá etíkun ní ìparí ìgbà ooru, mo bá akàn bí 40 láàárín koríko òkun tí ìgbì ti gbá jọ sórí iyanrìn, tí gbogbo wọn sùn gbalaja láìmira. Ọkàn mi sọ fún mi pé ẹnìkan ti da májèlé sínú omi. Mo ti ń múra àtilọ ké gbàjarè kí n tó ronú láti gbé ọ̀kan nínú wọn, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ewé gbígbẹ. Kò rùn. Nígbà tí mo yí i padà, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti là bí àpótí tí a ṣí ìdérí rẹ̀, kò sì sí ẹran kankan nínú rẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ọwọ́ méjèèjì tí ó fi ń há nǹkan wà níbẹ̀, kódà awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ojú rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n akàn fúnra rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ.

Èèpo ara akàn kì í bá a dàgbà. Bí ó bá ti há mọ́ ọn jù, èèpo mìíràn tí ó rọ̀ á ti máa hù lábẹ́ ti àtijọ́. Ti àtijọ́ á là, akàn á fi ẹ̀yìn yọ jáde, á fa omi sára kí ara rẹ̀ lè wú, èèpo tuntun yóò sì gan síbi tí ó fẹ̀ dé. Ní àwọn ọjọ́ tí ara rẹ̀ fi rọ̀ yìí, ẹyẹ tàbí ẹja èyíkéyìí lè fi í ṣe oúnjẹ, abẹ́ òkúta ni ó sì máa ń sá pamọ́ sí. Àsìkò yìí kan náà ni abo akàn etíkun Yúróòpù máa ń gba akọ, nítorí náà akọ a ti gbá a mọ́ abẹ́ ikùn fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, yóò máa dúró de ìgbà tí abo náà yóò bọ́ ẹ̀wù. Mo gbé òkúta lórí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ rí. Akọ náà kò sá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tí ó fẹ́ wọ ìjàkadì, kò sì tú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Mo rọra dá òkúta wọn padà bí mo ṣe bá a, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo etíkun kì í ṣe, tí oòrùn a sì gbẹ àwọn ẹ̀dá abẹ́ rẹ̀ pa.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọgbà ti kú ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ooru ń parí lọ. Lóòótọ́, àwọn ẹyẹ ọgbà ní ìhà àríwá ayé máa ń dákẹ́ ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n wọn kò lọ síbì kankan. Ọ̀pọ̀ wọn ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni, níwọ̀n bí kò sì ti sí ìtẹ́ tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́, tí apá wọn kò sì ṣeé gbọ́kàn lé fún ìgbà díẹ̀, inú igbó ṣíṣú ni wọ́n ń jókòó sí. Ti pẹ́pẹ́yẹ tilẹ̀ le jù, nítorí gbogbo ìyẹ́ ìfò rẹ̀ ni ó máa ń já lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ọgbà, aláǹtakùn tí ó ní àgbélébùú funfun lẹ́yìn ni mo máa ń jí wá wò. Ọjọ́ kan báyìí ni mo bá a níbi tí ó ti ń jẹ àwọ̀n àná mọ́lẹ̀, tí ó ń ká okùn náà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, nítorí òwú tí ó gbé mì ni ara rẹ̀ yóò tún fi ṣe ti tuntun. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po láti ẹ̀bá wá sí àárín, tí ó ń fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo okùn kan sí èkejì bí aláṣọ tó ń fi ìka wọn aṣọ. Tíì mi tutù sí mi lọ́wọ́.

Ní ti agbọ́n tó ń yọ wá lẹ́nu ní àkókò yìí, ebi ni. Ìdin inú ilé wọn ní ń fún wọn ní omi dídùn. Bí ìdin bá ti dín kù, wọn a jáde wá àdídùn kiri.

Àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò kò ráyè ìpààrọ̀ ìyẹ́ apá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń tò sórí wáyà yóò dé Áfíríkà kí ó tó pààrọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ etíkun ẹlẹ́nu gígùn tí wọ́n ń pè ní bar-tailed godwit. Àwọn àgbà rẹ̀ sábà máa ń ṣáájú lọ, àwọn ọmọ a sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2022, ọ̀kan tí kò ju ọmọ oṣù 5 lọ gbéra ní Alaska ní Amẹ́ríkà, ó sì balẹ̀ sí Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, kìlómítà 13,560, ọjọ́ 11 láìjẹ, láìmu, láìsinmi, lórí ìyẹ́ àkọ́kọ́ tí ó hù láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dè mọ́ ọn lára ni ó jẹ́ kí a mọ̀.

Èèpo akàn tí mo mú bọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà lójú fèrèsé mi. Oòrùn ti sọ àwọ̀ ewé ara rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti já.