Ìgbà Wo Lẹ Ṣí Ìgò Yẹn?

Bàámi dá ẹmu fún ọdún tó lé ní 30 ní abà wa lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ ṣì wà lára ògiri títí dòní. Orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n gùn ún mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pé ọdún 75, mo mú wọn lọ síbì kan lọ́nà Ẹdẹ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tí wọ́n ti ń ta wáìnì àti oúnjẹ àwọn ará Ítálì. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọtí fún àwọn náà mu.

A ní kí wọ́n bu wáìnì pupa wá, gíláàsì méjì. Èmi ti mu nínú tèmi. Bàámi gbé tiwọn sún mọ́ imú, wọn ò fi kan ẹnu, wọ́n sì rọra gbé e padà sórí tábìlì.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ ṣí ìgò yẹn?"

Ọmọkùnrin tó gbé e wá wojú mi, ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni."

Ọjọ́rú là ń sọ yìí.

"Ó ti ń kan," ni Bàámi wí. Wọn ò pariwo. Wọ́n bá wa ṣí ìgò tuntun, mo tọ́ ọ wò, mo sì rí i pé ọ̀tọ̀ pátápátá ni.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ra wáìnì ní gíláàsì láìbéèrè. Kò sẹ́ni tí yóò ra ẹmu láìbi ẹlẹ́mu bóyá ti àárọ̀ yìí ni tàbí ti àná. Kí ló dé tá a fi ń tijú níwájú ìgò? Nǹkan kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì jẹ́. Ìwúkàrà ló ń sọ ṣúgà inú wọn di ọtí, lẹ́yìn náà kòkòrò àìfojúrí tó nílò afẹ́fẹ́ á wá sọ ọtí ọ̀hún di kíkan. Ti ẹmu yá, torí orí ọ̀pẹ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wáìnì máa ń fara dà á níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì ṣí i. Tí wọ́n bá ti ṣí i, pupa lè lo bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n bá dé e dáadáa sínú fíríìjì. Tábìlì tí oòrùn ń ta sí ni ti ibi tá a lọ yẹn wà. Tẹ́ ẹ bá tó mẹ́rin, ẹ kúkú ra odindi ìgò: mílílítà 750 ni, gíláàsì márùn-ún ló máa ń jẹ́.

Ẹ tún ní kí wọ́n fi pupa sí fíríìjì fún bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tó ní ká mu ún bó ṣe wà nínú yàrá, yàrá tiwọn kì í ju bí 18 lórí ìwọ̀n Celsius lọ. Ti Ifẹ̀ lọ́sàn-án ńkọ́?

Ní ti oúnjẹ, Bàámi ní sípàgẹ́tì náà ò jiná. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń sè é nìyẹn, kó ṣì le díẹ̀ lẹ́yín, àmọ́ ẹ lè ní kí wọ́n sè é sí i, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ mú lọ. Ata sì máa ń jóni sí i tí ọtí bá le, nítorí náà mo máa ń fi wáìnì funfun tó tutù, tó dùn díẹ̀, ti oúnjẹ aláta.

Nígbà tí gíláàsì kejì kù díẹ̀, Bàámi béèrè ẹni tó dá ọtí náà. Mo yí ìgò padà, mo ka Chianti fún wọn, mo ní orúkọ àgbègbè olókè kan ní Toscana, nílẹ̀ Ítálì, ni.

"Bí ẹmu Ifẹ̀wàrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n máa ń gùn ún?"

Mo ní rárá, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí já èso àjàrà. Bàámi fọwọ́ pa orúnkún wọn.

"Ó dáa fún wọn," ni wọ́n wí, wọ́n sì mu èyí tó kù.