Ìsìnsọ́nà ní Ṣómólú àti ní Manchester

Ọdún 2023 ni mo kúrò ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ọdún mọ́kànlá, tí mo sì wá ń gbé ní Manchester, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù a máa béèrè nípa òtútù, iná mànàmáná àti owó oṣù, èmi náà a sì tètè dá wọn lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò ṣòro: òtútù ń bẹ, iná kì í lọ, owó ilé sì ń jẹ owó oṣù. Èyí tí mo ṣì ń rò títí di òní ni bí àwọn ènìyàn ìlú méjèèjì ṣe ń dágbére fún ara wọn, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti tì mí.

Ní Ṣómólú, àlejò kì í ṣàdédé dìde kí ó máa lọ. Bí ó bá ní òun ń lọ, a ó ní kí ó jókòó díẹ̀ sí i. Bí ó bá tún dìde, a ó wọ sálúbàtà, a ó sìn ín dé ojú ọ̀nà, ojú ọ̀nà yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tó gbé e wá yóò ti jáde. Ẹni tó ti fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nínú ilé yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, yóò wá sọ pé ìyàwó òun wà ní ọsibítù. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní àgbègbè wa, ìsìnsọ́nà tún gùn sí i, torí pé ẹni tí kò bá fẹ́ dúró de kẹ̀kẹ́ yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé Onípàánù kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀ ní títì Ìkòròdú. Mo ti sin ọ̀rẹ́ mi tó ń gé bébà dé Onípàánù rí, òun náà ní kí òun sìn mí padà díẹ̀, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lórí.

Síbẹ̀, àwa tí a ń sin ara wa tó báyìí nítorí ìrìn Onípàánù, ńṣe ni a máa ń fi ìrìn àjò òkè òkun pamọ́. Wọ́n lè má fún ni ní físà, owó lè má pé, ayé sì le. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ tú u sọ títí bàlúù yóò fi gbéra, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé ẹnì kan wà ní àdúgbò wa tó se ìrẹsì ìdágbére kí físà tó jáde, físà kò jáde, odidi ọdún kan ni àwọn aláwàdà sì fi ń kí i pé, "Ẹ kú àbọ̀ o!" Ọjọ́ tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́wọ́ ará Nàìjíríà tó bá fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́dọ̀ wọn, mo ní eyín ló ń dùn mí. Ọjọ́ tí mo lọ tẹ̀ka nítorí físà, mo ní mo lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú. Irọ́ ni mo pa fún ọ̀rẹ́ mi náà, ẹni tí a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan.

Ó ku ọjọ́ méjì kí n lọ kí n tó sọ fún un. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ló ń gé lọ́wọ́. Kò gbé orí sókè. Ó gbo etí bébà náà mọ́ tábìlì títí ó fi dọ́gba, ó tì í sábẹ́ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìgbà tí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé àjọ rẹ ti oṣù Kọkànlá wá sí oṣù Kẹfà ni mo ti mọ̀. Mo kàn ń retí kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni." Ó pa ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò tíì parí, ó sì sìn mí dé Onípàánù láìsọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó tẹ̀ lé wa dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà pẹ̀lú gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹran díńdín tí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Mo yọ bàtà kan kúrò nínú báàgì kí gàrí lè wọ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ má ba à ju kílò 23 lọ. Ẹran náà ni mo ní kí wọ́n gbé padà, nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èrò gbé ẹran wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀ṣọ́ ti dá wọn dúró. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì gbé kúlà ẹran náà dání.

Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, obìnrin kan sọ fún gbogbo wa pé òun ń kó lọ sí Ọsirélíà. Oṣù mẹ́rin ló kù nígbà náà, físà kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àyà mi já fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bojú wò yíká kí ó tó dáhùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹnì kan tilẹ̀ bá a wá ẹni tó ra àga rẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé káàdì kan káàkiri kí olúkúlùkù kọ nǹkan sí i. (Iṣẹ́ ọwọ́ ò ṣe é gbàgbé: mo fi ìka wọn káàdì náà wò, kò lè dín ní gíráàmù 300, òṣùwọ̀n tí àwa atẹ̀wé fi ń mọ bí bébà ṣe nípọn tó.) Ìlà kan péré ni àwọn yòókù kọ. Èmi kọ àdúrà àlọ àti àbọ̀ títí ó fi kún ìdajì ojú ìwé, ẹni tó gbé káàdì náà wá sì béèrè bóyá èmi àti obìnrin náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Lọ́jọ́ tó lò gbẹ̀yìn, ó ka káàdì náà, ó sunkún, omijé tòótọ́ ni. Aago méjì ààbọ̀ lù, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní "tàrá", bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dágbére, ó sì jáde. Kò sí ẹni tó dìde. Mo dìde ní tèmi, mo tẹ̀ lé e dé ibi tí ó ti fẹ́ wọ tíráàmù, ọkọ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi dánfó wa. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ rà ní ìhà ibẹ̀ ni.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oṣù mẹ́rin yẹn ni wọ́n ti fi sìn ín. N kò sì lè bú ẹni tó ń tètè tilẹ̀kùn níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù Kejìlá. Ta ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà nínú òtútù yẹn? Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí ẹnì kan, tí ó dágbére fún mi lórí àga tó jókòó sí, ó ṣì máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́.

Fóònù ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ń sin ara wa báyìí. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni a jọ ń lò, lẹ́yìn èyí Èkó a fi wákàtí kan ṣíwájú wa, nítorí náà ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù kí n tó délé. Tí a bá ti dágbére tán, ọ̀rọ̀ gidi a wá bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ó ti ní ó dàbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti bóyá ó máa ń dunni. Ó ní ẹnì kan ní àdúgbò ló rán òun. Mo ṣàlàyé pé àwòrán àyà ni wọ́n máa ń yà, kò sì dunni rárá. Mo ní kí ó bá mi kí ẹni náà. N kò béèrè orúkọ rẹ̀.