Kí ẹ tó ra DVD writer fún láptọ́ọ̀pù yín, ẹ kọ́kọ́ wo iná tó ń jẹ

Fídíò yìgì ni mo máa ń yà ní Ìlọrin níbí. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba tiwọn sórí fóònù, àmọ́ díìsìkì ni àwọn àgbà fẹ́, èyí tí wọ́n á kì bọ ẹ̀rọ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n láìbẹ ọmọ kankan pé kó wá bá àwọn ṣí i. Láptọ́ọ̀pù tí mo rà kẹ́yìn ò ní ojú díìsìkì, ni mo bá gba ojú ọ̀nà Táíwò lọ, mo ra DVD writer, ẹ̀rọ tó ń kọ fídíò sórí díìsìkì, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn. Èyí tó fúyẹ́ jù, tówó ẹ̀ sì kéré jù, ni mo mú.

Àlàájà kan ní Pàkátà ní kí n ṣe ẹ̀dà márùn-ún. Àkọ́kọ́ kọ dé ìdajì, mo gbọ́ tík, tík, iná iwájú ẹ̀ kú, ó tún tàn, láptọ́ọ̀pù ò rí i mọ́. Díìsìkì yẹn ti lọ nìyẹn. Mẹ́rin ló bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ni mo fi àdéhùn sí. Ojú tì mí níwájú ìyá yẹn.

Iná ni ò tó. Ihò USB 2.0 ń gbé 500 mA (milliampere, ìwọ̀n iná) jáde, USB 3.0, tí inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, ń gbé 900. Tí ẹ̀rọ yìí bá ń ka díìsìkì lásán, iná yẹn lè tó o. Tó bá ń kọ, mọ́tò ń yí, lésà sì ń le sí i, ó lè béèrè ju ohun tí ihò náà ní lọ. Èmi tún so ó mọ́ hub, ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, èyí tí kò ní iná tiẹ̀, máósì àti flash wà níbẹ̀, gbogbo wọn jọ ń pín iná ihò kan ṣoṣo.

Èyí tí mo rà lẹ́yìn náà, wáyà ẹ̀ lórí méjì, ihò méjì ló ń fà lára. Tààrà ni mo ń so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kò tíì já mi kulẹ̀.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ dáadáa o. Tó bá jẹ́ DVD-ROM, kíkà nìkan ló mọ̀. Combo ń ka DVD, àmọ́ CD nìkan ló lè kọ. DVD±RW, tó lè kọ DVD, ni kí ẹ wá. Blu-ray, tí díìsìkì ẹ̀ ń gbà ju DVD lọ, ò pọn dandan fún irú iṣẹ́ mi. DVD ẹyọ kan ń gba 4.7 GB, ó tó fún yìgì. Kẹ́ ẹ sì ṣe é bíi DVD-Video, ìyẹn irú tí ẹ̀rọ DVD abẹ́ tẹlifíṣọ̀n mọ̀ ọ́n ṣí, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà nílé àwọn ìyá wa ò lè ṣí MP4.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti díìsìkì òfìfo dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọ́ kún níbẹ̀, títí dé òpin, torí ibi tí tèmi ti ń kú kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọlọ́jà bá ní òun ò ráyè fún ìyẹn, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.