Wọ́n Ń To Ẹsẹ̀ Mọ́tò ní Mọpà

Láti Ìlọrin, ọ̀nà Òmù-Àrán ni a gbà. Oorun ń kùn mí títí a fi kọjá Èrúkù. Àfi bí a ṣe fi Ẹ̀gbẹ̀ sílẹ̀ tí a dorí kọ Ìsánlú: kòtò gba ojú ọ̀nà, dírẹ́bà ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Táyà á já sí kòtò gbì, màá káàánú ẹsẹ̀ mọ́tò náà. Ẹsẹ̀ mọ́tò ló kúkú gbé mi jáde nílé. Bọ̀dá mi kan ní Mọpà ń fọwọ́ ara wọn kan mọ́tò lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ní kí n wá wo bí àwọn ṣe máa to ẹsẹ̀ iwájú.

"Òkun o!" ni wọ́n fi pàdé mi, gíríìsì ti dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Iyán ìyàwó wọn ni mo kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá mọ iṣu Yàgbà kò ní bá mi wí.

Wẹ́dà àdúgbò ló bá wọn jó férémù. Ẹsẹ̀ iwájú, ara Honda Accord 1998 kan tó ti kú ni wọ́n ti tú u: ámù òkè, ámù ìsàlẹ̀ (apá irin tó so táyà mọ́ férémù), họ́ọ̀bù tí wọ́n ń de táyà mọ́, ṣọ́ọ̀kì àti sípírìn rẹ̀. Ámù òkè kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ojú táyà lè máa tẹ́ mọ́ ilẹ̀ bí mọ́tò bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ámù ìsàlẹ̀, kí ṣáàfù tó ń yí táyà lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so ámù mọ́ ibi tí họ́ọ̀bù wà, kò pẹ́ rárá: wọ́n tì í bọ ihò, wọ́n dé nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n ki pín-ìnì sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu kó má baà tú lójú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni búṣì, òrùka irin tó ní rọ́bà nínú, níbi tí ámù ti so mọ́ férémù. Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà ti gbé sípánà gbọọrọ, ó fẹ́ fún bóòtù ámù pa nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì. Bọ̀dá mi pariwo: "Fi sílẹ̀! Jẹ́ kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ná." Rọ́bà inú búṣì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀, kì í yí, ńṣe ló máa ń lọ́. Tí èèyàn bá fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro, tí mọ́tò bá balẹ̀, rọ́bà á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà tọ̀sán-tòru títí yóò fi ya. Mẹkáníìkì tó máa ń gbowó búṣì tuntun lọ́wọ́ mi nílé kò sọ èyí fún mi rí!

Ẹ́ńjìnnì kò tíì sí níbẹ̀, nítorí náà wọ́n to àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbi tó máa jókòó. Ní agbègbè tí Ọbájánà, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, wà, èèyàn kì í wá sìmẹ́ǹtì tì. A mi mọ́tò jìgìjìgì kó lè jókòó dáadáa, ìgbà náà ni sípánà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́bẹ́lì bíríkìlà ni wọ́n fi wò bóyá táyà dúró gbọnrangandan. Wọ́n wá fi okùn wọn àlàfo àárín táyà iwájú méjèèjì, níbi ojú iwájú táyà àti níbi ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń yí táì-rọ́ọ̀dù, irin tó ń darí táyà, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Búrékì àti ẹ́ńjìnnì ló kù. Wọ́n ní táwọn bá parí, àwọn á fi gbé mi dé Kàbbà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé wẹ́dà.