Kókó mẹ́sàn-án lórí pátákó

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Iná ti lọ láti aago méje, fóònù ni mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀rí ìṣirò tí mo ti ń gbé kiri láti oṣù mẹ́rin, lórí bí a ṣe ń kun àwọn kókó kí èyí tí ìlà so pọ̀ má baà ní àwọ̀ kan náà, fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí. Ọmọ tó ń ṣe másítà lọ́dọ̀ mi ló fọ́ ọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sì ni. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya kókó mẹ́sàn-án, ó fa ìlà láàárín wọn, ó wá ní, "Ẹ má bínú sà. Tí a bá ti kọ́kọ́ pààrọ̀ pupa pẹ̀lú yẹ́lò níbí, ṣé pípààrọ̀ kejì ò ní dà á rú?" Mo wò ó títí. Mo ní kó jẹ́ kí n mu omi ná.

Ó dàrú lóòótọ́. Ibi méjì ni mo ti ń pààrọ̀ àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì rí i pé ọ̀nà méjèèjì, ìyẹn àwọn kókó tí àwọ̀ wọn ń yí padà, pàdé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọdọọdún ni mò ń fi àṣìṣe yìí gan-an kọ́ wọn ní kíláàsì. Lọ́dún 1852, Francis Guthrie ń kun máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé àwọ̀ mẹ́rin tó, tí àgbègbè méjì tó pààlà ò fi ní jọra (fi kókó dípò àgbègbè, fi ìlà dípò ààlà, ọ̀rọ̀ kan náà ni). Ní 1879, Kempe (lọ́yà ni o!) ní òun ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Ọdún 11 gbáko ló fi dúró kí Heawood, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, tó ya àwòrán kan tó tú u palẹ̀: Kempe pààrọ̀ àwọ̀ níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà rèé.

Ṣùgbọ́n Heawood ò da ọgbọ́n Kempe, pípààrọ̀ àwọ̀ yẹn, nù. Òun náà ló fi fi hàn pé àwọ̀ márùn-ún tó dájúdájú. Nígbà tí Appel àti Haken, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, sì parí ẹ̀rí ti àwọ̀ mẹ́rin ní Illinois lọ́dún 1976, tí kọ̀ǹpútà fi ṣe wàhálà fún ohun tó lé ní 1,000 wákàtí, ọgbọ́n Kempe ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń wo fọ́ọ̀mù ìgbéga ò mọ̀ pé ẹ̀rí tó fọ́ ṣì lè wúlò. Wọ́n á ka bébà, wọ́n á ṣe ìṣirò, ó tán. Mo sì ti kọ eléyìí sínú fọ́ọ̀mù, ìjákulẹ̀ ńlá. Ìyàwó mi ní ṣé mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ kà á? Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣáà ti kà á.

Tí mo bá pààrọ̀ níbi kan ṣoṣo, àwọ̀ kan péré ni máa nílò lé e. Bóyá ìyẹn á dúró. Mo ti ya kókó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sẹ́yìn ìwé iná oṣù tó kọjá, orúkọ ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lókè. Bátìrì ti fẹ́ kú.